Ìsìnkú Àwọn Ẹni Ẹlẹ́ni: Ọ̀fọ̀, Ìfẹ́ Ọ̀dọ́ àti Ìdàgbà nínú Fíìmù Restless (2011)

Ìfáàrà

Ìtàn ìfẹ́ ọ̀dọ́ tí ikú já lù kì í ṣe àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti ka Ó Le Kú (1974) tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tàbí tí ó wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ìwé náà ṣe ní ọdún 1997, ti mọ bí ayọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń di ẹkún. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìtàn tí ọ̀fọ̀ ti ṣáájú ìfẹ́, níbi tí ikú ti kọ́kọ́ sọ ọmọ di aláìlẹ́nìkan kí ó tó wá pàdé olólùfẹ́ rẹ̀ níbi òkú. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Restless, fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà tí Jason Lew kọ, tí Gus Van Sant sì darí. Ìtumọ̀ orúkọ fíìmù náà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò rí ibi sinmi.

Restless ni wọ́n fi ṣí apá tí wọ́n ń pè ní Un Certain Regard níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ó dé gbọ̀ngàn sinimá ní Amẹ́ríkà. Ẹnu àwọn lámèyítọ́ kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní adùn rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ ikú. Àwọn mìíràn ní ó ń sín Harold and Maude (1971) tí Hal Ashby darí jẹ, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń lọ síbi ìsìnkú àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí, tí ó sì pàdé ìyá àgbà kan tí ó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún níbẹ̀. Àfiwé yìí tọ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n Harold kò ṣòfò ẹnikẹ́ni kí ìtàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ikú ń wù ú wò ni, ó sì tún ń fi í da ìyá rẹ̀ láàmú. Ní ti ọmọkùnrin inú Restless, ìdí tí ó fi ń lọ síbi òkú òkèèrè wúwo ju ìyẹn lọ, ìdí náà sì ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ìwà tí àwọn àgbà inú fíìmù náà kà sí ọ̀yájú tàbí àìsàn ọpọlọ ni iṣẹ́ yìí kà sí wíwá ìsìnkú tí ọmọ náà kò bá wọn sin. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́, nítorí pé ọmọ tí ó wà ní irú ipò yìí lè jókòó sí kíláàsì èyíkéyìí.

Ìtàn náà ní ṣókí

Ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ni ibùdó ìtàn, ní àsìkò tí ewé igi ń pọ́n tí ó ń rẹ̀. Ìlú yìí ni Van Sant ti ya púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò rí ilẹ̀ tẹ̀, láti orí Drugstore Cowboy (1989) títí dé Elephant (2003) àti Paranoid Park (2007). Enoch Brae, ọ̀dọ́langba tí Henry Hopper ṣe, wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kú. Òun náà kú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àwọn dókítà tó rí i dá padà, ó sì wà ní ipò àìmọ̀kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí yóò fi lajú, wọ́n ti sin àwọn òbí rẹ̀ tán. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Mabel ni ó ń gbé báyìí, àárín wọn kò sì gún. Kò lọ sí ilé-ìwé mọ́. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó ń bá ṣeré ni Hiroshi, ẹ̀mí awakọ̀ òfuurufú ará Jàpáànù kan tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí ẹlòmíràn kò lè fojú rí. Àwọn méjèèjì a máa ta eré orí pátákó tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ ojú omi ara wọn rì, wọn a sì máa sọ òkúta lu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kọjá.

Iṣẹ́ tí Enoch wá yàn láàyò ni kí ó wọ aṣọ dúdú kí ó lọ jókòó síbi ìsìnkú àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Níbẹ̀ ni Annabel Cotton, tí Mia Wasikowska ṣe, ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé ìsìnkú kan sì fẹ́ tú u fó pé kì í ṣe ẹbí òkú, Annabel ni ó gbà á sílẹ̀. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ràn ẹyẹ omi, kòkòrò àti ìwé Charles Darwin. Ó kọ́kọ́ sọ fún Enoch pé òun ń bá àwọn ọmọ tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kò pẹ́ tí òtítọ́ fi jáde: òun gan-an ni aláìsàn. Kókó kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni ó sì kù fún un. Ìfẹ́ wọn wọ inú oṣù mẹ́ta náà.

Gbèsè ìsìnkú

Àwọn Yorùbá ní, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ojú òbí ni òwe yìí fi wo ọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ jẹ òbí ní gbèsè ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yí i po, tí ó fi ojú ọmọ wò ó, ìbéèrè mìíràn yóò yọjú: ọmọ tí àyè kò gbà láti sin òbí rẹ̀, báwo ni ó ṣe máa mọ̀ pé òbí náà ti lọ? Ibi tí Enoch wà nìyẹn. Ó sùn, ó ní bàbá àti ìyá. Ó jí, òkúta ibojì méjì ni wọ́n fi hàn án. Kò rí òkú, kò rí pósí, kò gbọ́ ẹkún ẹnikẹ́ni, kò ju iyẹ̀pẹ̀ kankan sílẹ̀. Láàárín ìgbà tí ó wà láàyè pẹ̀lú wọn àti ìgbà tí wọn kò sí mọ́, ihò kan wà tí kò sí ìrántí kankan nínú rẹ̀. Inú ihò yẹn ni ó ń gbìyànjú láti fi ìsìnkú àwọn ẹlòmíràn dí.

Ìdí nìyí tí kì í fi jẹun níbẹ̀, tí kì í sì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń jókòó, ó ń wò. Ó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń dì mọ́ ara wọn, bí àlùfáà ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ọmọ olóògbé ṣe ń rìn lọ síwájú. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ tán kí ó tó dé kíláàsì ni ó ń wá kọ́. Bẹ́ẹ̀, ìsìnkú ẹlòmíràn kò lè san gbèsè náà. Èyí ni fíìmù náà fi hàn láìsọ ọ́ jáde: bí ó ti wù kí Enoch lọ tó, ọ̀túnla ni yóò tún wọ aṣọ dúdú náà, nítorí pé òkú tí ó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

J. William Worden, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti ọdún 1982 pé iṣẹ́ mẹ́rin ni ó wà lọ́rùn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti pé àkọ́kọ́ wọn ni kí ó gbà pé ẹni náà ti kú lóòótọ́. Nínú ìwé rẹ̀ nípa ọmọdé tí òbí rẹ̀ kú, tí ó jáde ní ọdún 1996 lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ 125 láti inú ìdílé 70, ó fi ìsìnkú sí ara ohun tí ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí, bí àwọn àgbà bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ náà máa rí níbẹ̀ fún un, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó yàn bóyá yóò lọ. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Ikú ọkọ àti aya tí kò tíì dàgbà nínú ìjàǹbá mọ́tò, òkú ọ̀fọ̀ ni. Kò sí ìlù, kò sí ijó, wọn kì í sì í pẹ́ sin ín. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹbí kan kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì sọ fún wọn pé bàbá rìnrìn-àjò. Àánú ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú náà ni ó sì máa ń bí ọmọ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọdún méjì.

Ibi kan wà tí fíìmù náà fara kan ọ̀rọ̀ yìí tí ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe é kò mọ̀. Darwin tí Annabel fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀, Annie, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1851 ní ìlú Malvern, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Darwin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó kú, ṣùgbọ́n kò dúró sin ín. Ó padà sílé lọ bá ìyàwó rẹ̀ tí ó lóyún, àwọn ẹbí ni ó sì sin ọmọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó kọ gbogbo ohun tí ó rántí nípa rẹ̀ sílẹ̀: bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí ó ṣe ń tún irun bàbá rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò rí ibojì dúró tì wá ibòmíràn fi ìsìnkú sí. Fíìmù náà kò mẹ́nu ba ìtàn yìí, ó sì dùn ni pé kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Hiroshi àti lẹ́tà tí kò dé

Olùwòran Yorùbá lè tètè pe Hiroshi ní àkúdàáyà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àkúdàáyà a máa gbé ìlú mìíràn láàárín àwọn alààyè, a fẹ́yàwó, a bímọ, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò sì ní fura. Hiroshi kò bá ẹnikẹ́ni gbé àyàfi Enoch. Aṣọ awakọ̀ òfuurufú tí ó wọ̀ kú ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní kamikaze, tí ìjọba Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í rán láti oṣù Kẹwàá ọdún 1944 pé kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ọ̀dọ́langba àti ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n a máa kọ lẹ́tà sílé kí wọ́n tó gbéra.

Ipa Hiroshi nínú ìtàn ni pé òun ni ìdàkejì Enoch. Enoch kò rí ààyè dágbére fún òkú; Hiroshi ni òkú tí kò rí ààyè dágbére fún alààyè. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan kí ó tó lọ sógun, ó kọ lẹ́tà sí i, kò fi í ránṣẹ́. Nígbà tí lẹ́tà náà bá jáde ní ìparí fíìmù, olùwòran yóò mọ̀ pé ohun tí ọmọkùnrin yìí ń rántí jù ni ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Ryo Kase, tí ó ti kópa nínú Letters from Iwo Jima (2006), ṣe Hiroshi pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín rẹ̀ pàápàá fi ń bani nínú jẹ́.

Èdè ikú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́

Bí èdè kan bá wà tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń bo ikú láṣọ, èdè Yorùbá ni. Ọba wàjà, àgbà papòdà, olóògbé fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora, ẹnìkan jáde láyé, ẹnìkan sùn. Ẹwà wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Àgbà tí ó gbọ́ pé ẹnìkan sùn mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ̀. Yóò máa dúró kí ẹni tí ó sùn jí, tàbí kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun.

Enoch àti Annabel kò fi aṣọ kankan bo ikú. Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ni Annabel fi sọ iye oṣù tí ó kù fún un. Enoch mú un lọ síbi ibojì, ó sì fi í han àwọn òbí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin ṣe ń mú àfẹ́sọ́nà wálé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ara wọn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń ya ti òkú. Wọ́n yọ́ wọ mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn. Wọ́n tilẹ̀ kọ eré kékeré kan nípa bí Annabel yóò ṣe kú, wọ́n sì ń ṣe ìgbáradì rẹ̀. Nígbà tí Enoch yà kúrò nínú ohun tí wọ́n jọ kọ sílẹ̀, ìjà ńlá dé. Ìran yìí ni ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo fíìmù náà. Annabel ní ẹ̀tọ́ láti bínú: ikú ọ̀hún, tirẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ọmọkùnrin tí kò rí ìsìnkú òbí rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Annabel a tún máa sọ nípa ẹyẹ kan tí ó gbà pé ayé parí nígbàkígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyàlẹ́nu pé òun ṣì wà láàyè ni ó máa ń mú un kọrin. Ẹni tí ó bá wo ojú Wasikowska nígbà tí ó ń sọ ọ́ kò ní bi í bóyá òótọ́ ni.

Ìlú Portland àti ibi ìbínú

Ní ọjọ́ tí ara Annabel túbọ̀ ń burú sí i, Enoch gbé òòlù, ó sì lọ fọ́ òkúta ibojì àwọn òbí rẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ìwà èèwọ̀ ni. Ní Portland gan-an, kò sí àgbà tí yóò yìn ín. Síbẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé ní ìlú kan náà yìí ni Beverly Chappell, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti dá Dougy Center sílẹ̀ ní ọdún 1982 fún àwọn ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Orúkọ ọmọkùnrin kan, Dougy, ni ilé náà ń jẹ́. Kókó inú ọpọlọ ni ó pa á ní ọdún 1981, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kí ó tó kú, ó ti kọ lẹ́tà sí Dókítà Elisabeth Kübler-Ross pé kí ni ìdí tí ọmọdé fi ń kú, dókítà náà sì fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí kò ṣòro dá a lóhùn. Ní Dougy Center, àwọn ọmọ tí ojú wọn jọ rí ohun kan náà a máa jókòó papọ̀, wọ́n a sọ̀rọ̀ bí ó bá wù wọ́n, wọ́n a dákẹ́ bí ó bá wù wọ́n. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ òkè ayọnáyèéfín, níbi tí ọmọ ti lè lu nǹkan kí ó sì pariwo títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Fíìmù náà kò dárúkọ ilé yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé yàrá náà wà yóò rí i pé òòlù Enoch kò rí yàrá rẹ̀.

Àbùkù fíìmù náà

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Annabel ń kú, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò rún, awọ ara rẹ̀ ń dán títí dé òpin. Olùkọ́ tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ, tàbí tí àbúrò rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ti rí ohun tí fíìmù yìí fi pamọ́. Àǹtí Mabel kò tún rí àyè tó. Òun náà ṣòfò nínú ìjàǹbá yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó bi í léèrè bí ó ṣe sun òru rẹ̀. Ojú ọmọ tí inú ń bí nìkan ni fíìmù náà fi wò ó. Ẹ̀wẹ̀, kò sí olùkọ́ kan tí ó ní ipa gidi nínú ìtàn náà. Ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, ilé-ìwé sì gbàgbé rẹ̀.

Ohun kan tí kò sí nínú ìtàn ni ó fi kún ìwúwo rẹ̀. Henry Hopper kò tíì ṣe eré tí ó tó báyìí rí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fíìmù náà tán, kí ó tó jáde, bàbá rẹ̀, òṣèré Dennis Hopper, kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Bàbá náà ni wọ́n fi fíìmù yìí sọrí.

Fíìmù náà àti olùkọ́ èdè Yorùbá

Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí wọ́n fún fíìmù yìí kìlọ̀ fún òbí pé àwọn ìran kan lè má yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí ó wò ó ju àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ. Ẹ̀kọ́ àṣà ìsìnkú wà nínú iṣẹ́ wọn: òkú àgbà, òkú ọ̀fọ̀, ìtúfọ̀, ilẹ̀ òkú, ìṣípà ọdẹ. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ohun tí àwọn àgbà ń ṣe fún òkú. Ìran àkọ́kọ́ tí Enoch ti jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìsìnkú lè mú kí wọ́n bi ara wọn léèrè ibi tí ọmọ kékeré máa ń wà nígbà tí gbogbo ètò yẹn ń lọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ àròkọ ni ó kàn. Kò sí olùkọ́ tí kò tíì kọ "Ìyá mi" tàbí "Ìsinmi ọjọ́ Àjíǹde nílé wa" sára pátákó rí. Lára ọmọ ogójì tí ó ń da àkọlé náà kọ, ó lè ku ọ̀kan tí kò ní ìyá. Bí olùkọ́ bá fi àkọlé kejì sí i, tí ó ní ẹni tí ó bá wù lè kọ nípa ẹnikẹ́ni tí ó tọ́ ọ, kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ pẹ̀lú ní ìlò mìíràn tí sílábọ́ọ̀sì kò kọ: lẹ́tà tí a kò ní fi ránṣẹ́, bíi ti Hiroshi. Ọmọ lè kọ ọ́ sí ẹni tí kò sí mọ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì, déètì àti ìkíni bí ó ti yẹ. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní gígé ààmì, kò sì yẹ ní kíkà sókè. Bí ọmọ bá sì kọ ìkíni nìkan tí ó wá dá gègé dúró, kí olùkọ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìran ìkẹyìn fíìmù náà wà ní ìsìnkú Annabel. Oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ti yàn pọ̀ lórí tábìlì, àwọn ènìyàn ń jẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Enoch wà níbi òkú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Wọ́n pè é pé kó wá sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ síwájú, ó wo àwọn tí ó jókòó. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àwọn ọjọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín músẹ́ sì yọ lẹ́nu rẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan nígbà tí fíìmù náà parí.